Họ́dà Fóònù Inú Ọkọ̀: Ohun Tí Ń Mú Un Dúró àti Ohun Tí Ń Já A Lójú Ọ̀nà Rẹ́mọ

Họ́dà fóònù ni orúkọ tí àwọn awakọ̀ ń pe ohun èlò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ọkọ̀ kí ó lè di fóònù mú, kí awakọ̀ sì lè máa rí àwòrán ọ̀nà tàbí kí ó mọ ẹni tí ń pè é láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ gbé fóònù náà. Ohun èlò yìí kò wọ́n, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, nítorí náà a kì í sábà bìkítà bóyá ó dúró dáadáa tàbí kò dúró títí di ọjọ́ tí yóò já. Ọjọ́ tí ó bá já náà sì ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé fóònù tí ó wà nínú àpò kì í fa awakọ̀ mọ́ra tó èyí tí ó ti ń wò tẹ́lẹ̀ tí ó sì ṣàdédé bọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀: ọwọ́ a tẹ̀ lé e, ojú a tẹ̀ lé ọwọ́, ọkọ̀ a sì máa sáré lọ láìsí ẹni tí ń wo iwájú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 28 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nítorí náà bí ó bá wo ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ó ti fi ojú àìríran rin ohun tí ó lé ní mítà 50.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn gidigidi. Oríta ńlá Ṣágámù ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 127.6, ti pàdé ọ̀nà tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè lọ sí ìlú Bẹ̀nì, débi pé ẹni tí ó ti Èkó ń lọ sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí àti ẹni tí ó ń lọ sí òkè Ọya jọ ń gba ibẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àwọn tírélà àti ọkọ̀ agbépo tí wọ́n máa ń dúró sinmi ní Ògèrè. Awakọ̀ tí kò mọ agbègbè náà kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti mọ apá ibi tí yóò yà sí, bí ó bá sì ṣì í, yóò rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà. Láàrin ìlú sí ìlú ní Rẹ́mọ, àwọn òbí tí ń gbé ọmọ wọn lọ sí Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, àwọn tí ń wá ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù, àti àwọn àlejò tí ń wá wo ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, inú fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wo ọ̀nà. Kí fóònù GSM tó wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2001, ẹnu àwọn ará gáréèjì àti àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ni àwọn awakọ̀ ti ń gbọ́ bí ọ̀nà ṣe lọ.

Ojú ọ̀nà wọ̀nyí kò sì rí bákan náà. Ọkọ̀ lè máa yọ̀ lọ lórí ọ̀dà títẹ́jú fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, kí ó sì yà sí ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú tàbí àdúgbò kan ní inú ìlú, kí kòtò àti gálọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n lójijì. Họ́dà tí ó ti dúró pẹ́sẹ́ láti Èkó lè já níbi kòtò àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pé kòtò náà nìkan ló já a: ohun tí ó ti ń tú u díẹ̀díẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀.

Oríṣi họ́dà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí ó ní rọ́bà roboto nísàlẹ̀, tí a ń tẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú tàbí mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí a sì ń tẹ ọwọ́ kékeré kan tí ó wà lára rẹ̀ kí ó lè fà mọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé rọ́bà náà ló ń fa gíláàsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn tí ó yí ayé ká ní ìwúwo, ìwúwo náà sì ń tẹ ohun gbogbo ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú agbára tí ó súnmọ́ kílò kan lórí ààyè tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti ní òró. A kì í mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ó ń tẹ̀ wá láti ìta, ó sì ń tì padà láti inú. Nígbà tí a bá tẹ rọ́bà mọ́ gíláàsì tí atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ sì jáde, atẹ́gùn ìta nìkan ló kù tí ń tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí atẹ́gùn kankan lábẹ́ rẹ̀ rárá, rọ́bà tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 láti etí dé etí yóò gba agbára nǹkan bí kílò 38, èyí tí ó ju ìwúwo fóònù lọ fíìfíì. Otto von Guericke, olórí ìlú Magdeburg ní ilẹ̀ Jámánì, ti fi agbára yìí han àwọn ènìyàn ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, nígbà tí ó fi ẹnu abọ́ bàbà ńlá méjì ko ara wọn, tí ó fa atẹ́gùn inú wọn jáde, tí ó sì dì wọ́n mọ́ ọ̀wọ́ ẹṣin ní apá méjèèjì, tí àwọn ẹṣin náà fi gbogbo agbára fà láìlè yà wọ́n.

Bí agbára náà bá pọ̀ tó báyìí, ìbéèrè tí ó kù ni ìdí tí họ́dà fi ń já. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé atẹ́gùn máa ń rí ọ̀nà wọlé sábẹ́ rọ́bà. Ẹyọ eruku kan péré lábẹ́ etí rọ́bà tó láti ṣí ọ̀nà fún un, eruku pupa ilẹ̀ Rẹ́mọ kò sì wọ́n, pàápàá láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó rí ṣákaṣàka náà ń ṣe bákan náà, nítorí pé àwọn ihò tín-tìn-tín tí ó wà lára rẹ̀ ti di ojú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Ìdí nìyí tí họ́dà onírọ́bà fi ń pẹ́ lára gíláàsì ju bí ó ti ń pẹ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, tí àwọn tí ó ń ṣe é fi máa ń fi àwo pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ ń dán sínú páálí rẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lè kọ́kọ́ lẹ àwo náà mọ́ ọn, kí ó tó tẹ rọ́bà lé orí àwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń ju àwo yìí nù pọ̀ mọ́ páálí.

Ooru ni ọ̀tá kejì, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọkọ̀. Àwọn olùwádìí kan láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2018, gbé ọkọ̀ sínú oòrùn líle fún wákàtí kan, wọ́n sì rí i pé ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbóná dé nǹkan bí dígírì Celsius 69, nígbà tí atẹ́gùn inú ọkọ̀ náà wà ní nǹkan bí 47. Oòrùn aṣálẹ̀ Arizona le ju ti Ṣágámù lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé tí a sì gbé sí gbangba ní àdúgbò Sábó níbẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kẹta yóò gbóná tó láti ba họ́dà jẹ́. Ìwọ̀nba atẹ́gùn tí ó kù sábẹ́ rọ́bà máa ń wú bí ó bá gbóná: bí ooru bá gòkè láti 27 dé 67, agbára tí atẹ́gùn náà fi ń ti rọ́bà kúrò yóò lé ní nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ń rọ̀ nínú ooru, bí ó bá sì ti ń gbóná tí ó ń tutù lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, epo tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é yóò máa gbẹ kúrò lára rẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi le tí yóò sì ká sókè. Rọ́bà tí ó bá ti dà bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe, ẹ̀tàn ni kí a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́.

Àmọ́ bí rọ́bà bá ṣì dára, ìmọ́tótó ló máa ń mú un pẹ́. Kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú gíláàsì, kí a nù ún gbẹ pẹ̀lú aṣọ tí kì í hu irun, kí a sì fi sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí a fọ rọ́bà náà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Kí a wá gbé ọkọ̀ sábẹ́ ìbòòji, kí a tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀ dáadáa kí gbogbo atẹ́gùn lè jáde, kí a tó tẹ ọwọ́ tí ń tì í pa. Itọ́ tí àwọn kan máa ń fi sí i kò dára, nítorí pé yóò lẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí itọ́ bá gbẹ, ohun tí ó bá kù lára rọ́bà ni yóò ṣí ọ̀nà fún atẹ́gùn. Ó sì yẹ kí a máa tú họ́dà náà, kí a tún un tẹ̀ lóòrèkóòrè, kí a má dúró di ìgbà tí ó bá já.

Ohun kan wà tí ó ń já họ́dà ní ìlú wọ̀nyí tí a kì í fura sí, òun ni ẹwà. Lẹ́yìn tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ bá ti fọ ọkọ̀ tán, wọn a máa fọ́n ìpara dídán sí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn a sì nù ún títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Inú ọ̀pọ̀ ìpara bẹ́ẹ̀ ni òróró kan tí wọ́n ń pè ní silicone wà, òróró tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ ibi tí ó bá wà, tí omi lásán kò sì lè fọ̀ kúrò. Téèpù, rọ́bà àti gọ́ọ̀mù ló ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lẹ họ́dà mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní láti fi ọṣẹ tí ń gé òróró fọ ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó fi sípíríìtì díẹ̀ pa á lẹ́yìn tí ó bá ti dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan láti rí i pé kò bó àwọ̀ rẹ̀, kí ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ pé kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìpa á lára. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá èyí ló kéré jù ní ìnáwó tí ó sì tóbi jù ní èrè.

Họ́dà onítéèpù ni àwọn kan yàn dípò onírọ́bà, ìyẹn èyí tí a fi téèpù olójú méjì, tí gọ́ọ̀mù wà ní iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó téèpù oní-fóòmù ni, ó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ńṣe ló máa ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ wọ inú àwọn ihò kéékèèké tí ó wà lójú ohun tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, iléeṣẹ́ 3M, tí ó gbajúmọ̀ fún irú téèpù yìí, sì sọ ọ́ pé nínú ooru inú ilé, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ni yóò ti ní lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn wákàtí 24, agbára rẹ̀ yóò sì pé lẹ́yìn wákàtí 72. Ẹni tí ó bá lẹ̀ ẹ́ ní gáréèjì tí ó gbé fóònù lé e lójú ẹsẹ̀ tí ó sì kọrí sí ọ̀nà Òrè ti já a kí ó tó mú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí a fi sílẹ̀ láìgbé nǹkan kan lé e, a kò sì gbọdọ̀ ṣí i kí a tún un lẹ̀, nítorí pé téèpù tí a bá ti ṣí ti gbé eruku.

Ti họ́dà tí a ń fi há ihò tí atẹ́gùn ẹ́sìì ń gbà jáde yára sọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í fi rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù ṣe, atẹ́gùn tútù a sì máa fẹ́ sí ẹ̀yìn fóònù. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn abẹ́ tín-ín-rín tí ó wà nínú ihò náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, pàápàá nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí oòrùn ti pa ike rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Corolla àti Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2002 sí 2006, pọ̀ lójú ọ̀nà wa títí di òní, ike wọn sì ti gbó ju ohun tí ó lè gbé fóònù ńlá lórí kòtò lọ. Bí a bá fẹ́ lò ó, kí a wá èyí tí ó ní ìkọ́ irin tí a ń fi síkírúù fún mọ́ ẹ̀yìn abẹ́ náà, tí ó sì ní ẹsẹ̀ kékeré tí ó ń fi ara ti dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ìwúwo fóònù má bàa wà lórí abẹ́ kan ṣoṣo.

Òòfà, ìyẹn irin tí ń fa irin, ni ọ̀pọ̀ họ́dà tuntun ń lò báyìí láti fi di fóònù mú. Irú òòfà kékeré alágbára tí a fi èròjà neodymium ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, láti ọdún 2020 sì ni iléeṣẹ́ Apple ti ń kó òòfà sínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù iPhone fúnra wọn. Fún fóònù tí kò ní òòfà nínú, a ní láti lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé òòfà le láti fà já lójúkojú, ṣùgbọ́n ó rọrùn púpọ̀ láti mú kí nǹkan yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ń gbọ̀n máa ń ṣe é: kì í fa fóònù síwájú nìkan, ó tún ń tì í sísàlẹ̀. Páàsì tí a fi ń bo ẹ̀yìn fóònù, bí ó bá nípọn, tún ń dín agbára òòfà kù gan-an, bí irin náà bá sì wà lẹ́yìn páàsì, kí a dán an wò dáadáa kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ dára, gígùn apá họ́dà lè sọ ọ́ di asán. Àgbẹ̀ tí ń fi ọ̀pá já obì ní oko Rẹ́mọ mọ̀ pé dòjé kan náà tí kò wúwo lọ́wọ́ máa ń wúwo bí ó bá wà ní orí ọ̀pá gígùn, bí ọ̀pá náà bá sì ti gùn tó ni yóò ṣe máa rà á lọ́rùn ọwọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí ó wà lórí apá tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 ń fi ipá tí ó tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti èyí tí ó wà lórí apá sẹ̀ǹtímítà 8 ya ẹsẹ̀ họ́dà kúrò níbi tí a fi í mọ́, gbogbo kòtò sì ń sọ ipá náà di púpọ̀ sí i. Nítorí náà, kí a fa apá náà kúrú bí ó bá ti lè kúrú tó, kí a fún gbogbo oríkèé rẹ̀ le, kí a sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ fóònù fi ara ti dáṣíbọ́ọ̀dù bí ó bá ṣeé ṣe, torí ẹsẹ̀ kejì yìí ló ń gba ìgbọ̀nrìrì kúrò lọ́rùn ti àkọ́kọ́. Okùn ṣájà náà gbọdọ̀ dẹ̀, nítorí pé okùn tí ó le gbagidi, tí ó sì ń kọ́ ọwọ́ jíà nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yí i, ń fa fóònù lọ́wọ́ kan ni.

Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní àpò atẹ́gùn, ìyẹn àpò aṣọ tí a ká pa mọ́ sínú sítíárìn àti sínú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀, tí ó máa ń wú lójijì bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan kí orí ènìyàn má bàa gbá ike tàbí gíláàsì. Wíwú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan, ohunkóhun tí ó bá sì wà lójú rẹ̀, ó di òkò. Ibi tí a bá ti rí SRS AIRBAG tí wọ́n kọ sára dáṣíbọ́ọ̀dù, a kò gbọdọ̀ lẹ họ́dà mọ́ ọn tàbí sí iwájú rẹ̀. Kí ó má sì wà ní àárín gíláàsì níbi tí yóò ti bo ẹni tí ń sọdá lójú awakọ̀. Ìsàlẹ̀ gíláàsì, ní ẹ̀gbẹ́ àárín ọkọ̀, níbi tí ojú lè dé láìyí orí, ló dára jù.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà Rẹ́mọ, sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ka lílo fóònù lórí ìwakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, náírà 4,000 ni wọ́n sì kọ sí ìwé ìtanràn wọn fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Họ́dà kò sọ títẹ fóònù di ohun tí ó tọ́. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé àwọn awakọ̀ tí ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 4.6 nínú mẹ́fà, bí fóònù bá sì wà nínú họ́dà, ojú kò lè ṣe méjì bákan náà. Kí a kọ ibi tí a ń lọ sínú àwòrán ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí a sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Bí a bá ti dé ibi tí a ń lọ, kí a mú fóònù kúrò nínú họ́dà kí ooru inú ọkọ̀ má bàa bà á jẹ́, torí pé Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ lo iPhone níbi tí ó gbóná ju dígírì 35 lọ, a kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó ju 45 lọ, bátìrì tí ó bá sì ń gbóná bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kí ó tó máa kú láàárọ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé họ́dà já láàrin ọ̀nà, kí awakọ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ wá a. Kí ó máa wo iwájú, kí ó dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí ó tan iná ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì wọ ilé epo tàbí ibòmíràn tí ó jìnnà sí ojú eré àwọn tírélà, nítorí pé etí òpópónà márosẹ̀ ní oríta Ṣágámù kì í ṣe ibi tí a lè dúró sí láti wá fóònù. Bí fóònù náà bá ti yí sí abẹ́ bíréèkì tí ẹsẹ̀ kò fi lè tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, kí ó yí jíà sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn, kí ó sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró.